Àwọn ọ̀nà òkè tí a lè rìn kí a sì padà lọ́jọ́ kan ní agbègbè Calistoga

ỌmọÌdánrè:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ìlú Sacramento ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, bàbá mi sì ń bọ̀ wá kí wa láti Àkúrẹ́ ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ti pé ẹni 70 ọdún. Ẹsẹ̀ wọn ṣì le, ṣùgbọ́n orúnkún máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó dà gẹ̀rẹ́. Àwọn ni wọ́n mú mi gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè tí ó ju 600 lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, títí a fi dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè, mo sì fẹ́ kí èmi náà mú wọn gun òkè kan níhìn-ín. Mo gbọ́ pé àwọn òkè tí ó yí ìlú Calistoga ká, ní apá òkè àfonífojì Napa ní California níhìn-ín, dára púpọ̀, àti pé ènìyàn lè dúró lókè kí ó máa wo oko àjàrà nísàlẹ̀. Èwo ni ó yẹ wá nínú àwọn ọ̀nà náà? A kò wá ọtí lọ, ojú ilẹ̀ ni a fẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì, Oakland:
Ẹ kú ìmúra àlejò, àbúrò mi. Oòrùn oṣù kẹsàn-án ní àfonífojì yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbàlagbà dán wò, nítorí náà ibi tí òjìji wà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú bàbá lọ. Ọgbà ìjọba Bothe-Napa Valley kò jìnnà sí Calistoga, ọ̀nà Redwood tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń bá odò kékeré Ritchey lọ lábẹ́ àwọn igi redwood gíga-gíga. Iná ńlá ọdún 2020 kọjá níbẹ̀, ẹ ó sì rí ìtì igi tí ó dúdú bí èédú tí ewéko tútù ń rú láti ìdí rẹ̀, nítorí pé igi redwood mọ bí a ti ń hù padà lẹ́yìn iná. Ó wú mi lórí nígbà tí mo fi han àwọn ọmọ mi. Ọ̀nà kan tún ti inú ọgbà náà lọ sí ibi ọlọ Bale tí wọ́n kọ́ ní 1846, tí omi ń yí àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 36. Ọ̀nà náà kúrú ṣùgbọ́n ó gòkè díẹ̀, nítorí náà, bí orúnkún bàbá bá kọ̀, ẹ wa ọkọ̀ lọ síbi ọlọ náà.

Arìnnàkore:
Òótọ́ ni Màmá sọ nípa òjìji. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dúró lórí Ìdánrè yóò fẹ́ ibi tí ojú ti ń ríran jìnnà, òkè Saint Helena ni mo sì fẹ́ràn jù ní gbogbo agbègbè yẹn. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4,342. Òpópónà 29 ni ẹ ó gbà láti Calistoga títí dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè tán, ibẹ̀ ni ọgbà tí wọ́n fi orúkọ òǹkọ̀wé Robert Louis Stevenson pè wà. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ń yí gba inú igbó lọ sí ibi ìrántí òǹkọ̀wé náà, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ní 1880 nínú ilé àwọn awakùsà fàdákà tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Ibi ìrántí yẹn kò tó máìlì kan, bàbá lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà gbòòrò, òjìji sì tán pátápátá. Àlọ nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé orí òkè, tó bíi máìlì 5. Ní ọdún kan mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ pẹ̀lú ìgò omi kan ṣoṣo, omi sì tán kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti lè bu omi mìíràn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mo sì padà. Nígbà tí mo tún lọ ní ìgbà òtútù, tí mo gbéra ní kùtùkùtù, kùrukùru bo àfonífojì bí òwú, àwọn orí òkè nìkan ni ó yọ jáde. Ẹ má mú bàbá lọ sí Table Rock tí ó wà ní òdìkejì òpópónà o, bí ó tilẹ̀ rẹwà: ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ kún fún òkúta.

Àdùkẹ́ Napa:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé Oat Hill Mine. Ẹnu ìlú Calistoga gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà gbé mẹ́kúrì láti ibi ìwakùsà láyé àtijọ́ ni, àpáta sì ṣì ní ipa táyà irin wọn nínú bí ẹ bá lọ jìnnà. Ó ju máìlì 8 lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá wu yín ni ẹ ti lè yí padà, oko àjàrà sì ti máa ń hàn nísàlẹ̀ láìpẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gànǹgà. Ẹ kọ́ ọmọ yín kí ó má fọwọ́ kan ewé tí ó so mẹ́ta-mẹ́ta létí ọ̀nà, ó ń yún ara ju wèrèpè lọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró bíi ti ṣẹ́ẹ̀rẹ́ nínú koríko, ẹ dúró, ejò ni.

ỌmọÌdánrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. A ó lo ọjọ́ kìn-ín-ní ní Bothe àti níbi ọlọ náà. Ní ọjọ́ kejì, a ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà Oat Hill kí oòrùn tó mú, a ó rìn máìlì kan, a ó sì jókòó wo oko àjàrà. Saint Helena di ìgbà òtútù, fún èmi nìkan. Mo ti sọ ti ọlọ náà fún bàbá lórí fóònù, wọ́n sì béèrè bóyá ó ń lọ àgbàdo.

Ìyá Ìbejì, Oakland:
Ẹ sọ fún wọn pé ó lọ àgbàdo, ó sì lọ àlìkámà.