Ọbàkan, ẹ̀yà tàbí ẹ̀ka: kí ni ká máa pe "haplogroup" ní Yorùbá?

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún haplogroup ti kírómósómù Y, ìyẹn àwùjọ àwọn ọkùnrin tí ohun tó wà lára Y wọn fi hàn pé wọ́n jọ ti ìdí baba ńlá kan wá. Ẹnì kan ní ká máa pè é ní "ìdílé bàbá". Ẹnì kejì ní "ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀". Ẹnì kẹta, tí mo fura pé àgbà ni nítorí ọ̀rọ̀ tó fà yọ, ní "ọbàkan" wà nílé, kí ló dé tí à ń wá ọ̀rọ̀ kiri oko? Mi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, mo tako ti èkejì pátápátá. Ẹ̀kẹta ló ń dà mí láàmú, torí ó dùn lẹ́nu mi ju bó ṣe bá ọ̀rọ̀ náà mu lọ.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tí à ń sọ lórúkọ. Kírómósómù ni àwọn okùn DNA inú ara tí a ń jogún lọ́wọ́ òbí. Nínú wọn, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gba Y, bàbá náà sì gbà á lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Àwọn kírómósómù yòókù a máa bá ìkejì wọn pààrọ̀ nǹkan kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, débi pé tó bá ti di ìran mélòó kan, o ò lè ya ti ìyá bàbá kúrò lára ti bàbá bàbá mọ́. Y ò rí ẹni bá pààrọ̀, àfi díẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Bó ṣe wà ló ṣe ń lọ. Ó gùn tó lẹ́tà DNA mílíọ̀nù 62 àti díẹ̀, ọdún 2023 ni wọ́n sì tó rí i kà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe olùkọ́ rí á tètè lóye ìyókù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bá kọ ìdáhùn tó tọ́, o ò lè mọ ẹni tó jí ti ẹnìkejì wò. Ṣùgbọ́n bí àwọn márààrún bá ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ ní ibì kan náà, ọ̀rọ̀ ti tú. Bẹ́ẹ̀ ni Y ṣe rí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan á yí padà nígbà tí ara bá ń dà á kọ, gbogbo ọmọkùnrin tó bá sì ti ìdí ọkùnrin yẹn wá láti bàbá sí ọmọkùnrin, títí dé ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀, á máa gbé àṣìkọ náà kiri. Àṣìkọ tí ọkùnrin méjì jọ ní ló ń sọ pé wọ́n jọ ní baba ńlá kan. Èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ń sọ ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ọ̀rọ̀ dé orí "ìdílé". Ìdílé ni àwọn tó mọ ara wọn, tí wọ́n jọ ń sanwó ìsìnkú, tí wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀. Ìyàwó ilé wà nínú ìdílé. Ọmọ tí a gbà tọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ M2, ìyẹn àmì (àṣìkọ kan lára Y) tó gbilẹ̀ jù lọ láàárín ọkùnrin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò lóǹkà: Yorùbá, Ígbò, àwọn tó ń sọ èdè Bantu títí dé Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà. Ìdílé wo ló tó bẹ́ẹ̀? Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Lónìí ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ ṣe DNA, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. "Ta ló lọmọ?" ni gbogbo ayé gbọ́. Ẹ wá lọ kọ "àyẹ̀wò ìdílé bàbá" sára ìwé, kẹ́ ẹ wo iye ilé tó máa tú.

"Ẹ̀yà" ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yà Yorùbá, ẹ̀yà Haúsá, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti dà lẹ́nu wa nìyẹn, kò sì sí àlàyé tó lè gbà á kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní R1b. Òun ló pọ̀ jù láàárín ọkùnrin ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, bíi ní Ireland. Òun kan náà, lábẹ́ àmì V88, ló pọ̀ láàárín àwọn kan tó ń sọ èdè tó tan mọ́ Haúsá ní àríwá Cameroon. Ṣé ẹ̀yà kan náà ni ará Ireland àti ará àríwá Cameroon? Àìmọye ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà àti Brazil ló sì ní Y tó ti Yúróòpù wá, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro mọ̀ fún ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn olówó ẹrú ń ṣe sí àwọn obìnrin. Bàbá kan ṣoṣo nínú àìlóǹkà baba ńlá ẹni ni Y ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ẹ̀yà ti parọ́ mọ́ gbogbo àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọbàkan. Ẹni tó mú un wá mọ Yorùbá dénú egungun. Àwọn tí bàbá kan náà bí, tí ìyá wọn yàtọ̀, ni ọbàkan. Iyekan ni ti ìyá. Ó wù mí gan-an ká fi ọ̀kan dúró fún Y, ká fi ìkejì dúró fún mitochondria, nǹkan kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ní DNA tirẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ìyá. Iyekan bọ́ sí i láìku ibì kan, torí àtọkùnrin àtobìnrin ló ń gba ti ìyá. Ọbàkan ló ń tiro. Ọbàkan mi ni ọmọbìnrin tí bàbá mi bí fún ìyàwó kejì. Ó ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, oríkì tí wọ́n ń kì mí ni wọ́n ń kì í, a sì jọ máa pín ogún. Ṣùgbọ́n kò ní Y. Ọ̀rọ̀ tó bá máa lé arábìnrin mi síta kí ó tó lè bá sáyẹ́ǹsì mu, mi ò rò pé a lè gbé e wọ inú ìwé láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀ di nǹkan mìíràn.

Ẹ má gbàgbé ogún tí mo dárúkọ yẹn. Ní ìdí-igi la ti ń pín ogún fún iye ìyàwó tó wà nílé, igi kan fún ìyá kan. Nínú òfin tiwa, ìdí ìyá ni igi wà. Igi tí àwọn onímọ̀ Y yà, bàbá ló wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ ìbátan wa lódindi lọ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ohun tí mo fara mọ́ ni "ẹ̀ka". Ẹ̀ka Y, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka a máa yọ ẹ̀ka, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹni tó gùn ún. Kí ọbàkan wá wà fún ìgbà tí a bá fi ọkùnrin méjì wéra: "ọbàkan ni wọ́n lórí M2", ká sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò lé ẹnikẹ́ni síta.

Ẹnì kan ti bi mí nípa "marker", ìyẹn àṣìkọ bíi M2 tí a fi ń dá ẹ̀ka mọ̀. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí ilà, nítorí àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ ló ń sọ ibi tí ẹni ti wá láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n olóòlà ló ń kọ ilà sójú ọmọ, ọmọ kì í bá ilà wáyé. Àpá náà ò ṣeé lò fún ìdí kan náà. Ẹ tún wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i: "ila" lè jẹ́ ilà ojú, ó lè jẹ́ ìlà orí ìwé, ó sì lè jẹ́ èyí tí a fi ń jẹ ẹ̀bà. "Àmì àjogún" ni mo mú. Fún àwọn ibi tí lẹ́tà bíi mélòó kan ti ń tún ara wọn sọ léraléra, tí iye ìgbà tí wọ́n tún un sọ sì ń yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé, "àwítúnwí" ti tó.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀ka náà kàn wá. Ní 2002, Y Chromosome Consortium, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Y, to gbogbo rẹ̀ jọ: ẹ̀ka ńlá 18, láti A dé R, àti 153 ní àpapọ̀. Nígbà tó di 2008, ó ti di 20, láti A dé T, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 311. E3a ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tí M2 wà tẹ́lẹ̀. Ní 2008 ó di E1b1a. Ẹ̀ka kan náà ni o, àwọn ọkùnrin kan náà. Nítorí náà, nínú ìwé Yorùbá, "ẹ̀ka M2" ni ká kọ. Àmì kì í yẹ̀, àdírẹ́sì ló ń yẹ̀.

Ó ku ìràwọ̀ (*) tí wọ́n ń fi sẹ́yìn orúkọ ẹ̀ka. Bí wọ́n bá kọ DE*, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkùnrin náà ní àmì DE, èyí tí ẹ̀ka D àti ẹ̀ka E jọ ní, ṣùgbọ́n kò ní ti D, kò sì ní ti E. Ẹnì kan dábàá "aláìlẹ́ka". Rárá o. "Àṣẹ́kù" ni. Ní 2003, wọ́n rí ọmọ Nàìjíríà márùn-ún tó jẹ́ DE*. Àṣẹ́kù ni wọ́n wà títí di 2019, tí àwọn mìíràn fi tún Y wọn kà dáadáa, tí wọ́n sì rí i pé ẹ̀ka D ni wọ́n súnmọ́, wọ́n wá sọ ọ́ ní D0. Ẹ̀ka wà lára wọn látìgbà yẹn, àwọn tó ń kà á ni kò tíì rí i.

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ṣì ń sọ ọbàkan fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà? Tó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún níbì kan, màá kó gbogbo ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè yìí jẹ.