Àjọgbèjà, àjọṣọ́ àti ìmùlẹ̀: kí ni ká pe àdéhùn ológun àwa àti Benin?

Mo kí gbogbo ilé. Alàgbà wa láti Ìjẹ̀bú-Òde dábàá pé kí a máa pe ohun tó pa Nàìjíríà àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ológun ní “ìmùlẹ̀ ààbò”. Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ní Ṣágámù fèsì pé “àjọgbèjà” ló sàn, nítorí pé ó kúrú, ó sì rọrùn fún oníròyìn láti pè lórí rédíò. Ojú tí èmi fi wò ó ni pé a ń wá orúkọ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ìmùlẹ̀, nítorí kò ní pẹ́. Ní agbègbè tiwa yìí, bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn kan mulẹ̀, ilédì Òṣùgbó, ìyẹn ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, ni ọkàn rẹ̀ ń lọ: ọ̀rọ̀ àṣírí, tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí, tí ẹni tó bá dalẹ̀ yóò sì bá ilẹ̀ lọ. Àdéhùn láàárín ìjọba méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti ń buwọ́ lù ú, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ lè kọ̀wé kó kúrò, gẹ́gẹ́ bí Mali, Burkina Faso àti Niger ṣe kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó mulẹ̀ tó wá kọ lẹ́tà pé òun ò ṣe mọ́.

Àjọgbèjà ló gba àròjinlẹ̀. Ẹni tó bá gbèjà mi ti gba ìjà mi sọ́rùn ara rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ti kọ́kọ́ kọ lù mí kí ìgbèjà tó wáyé. Ìtumọ̀ yìí bá àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní Freetown lọ́dún 1981 mu rẹ́gí, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló gbógun tì. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé bí ìjà bá jẹ́ ti abẹ́lé nìkan, ọmọ ogun àjọ náà kò gbọdọ̀ dá sí i. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn ní Lomé, kí wọ́n tó fi í kún un pé àwọn lè dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba tí aráàlú dìbò yàn bí àwọn kan bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ tàbí tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Keje oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwọn sójà kan ní Kútọnu jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ Patrice Talon, ààrẹ Benin nígbà náà. Ìjọba rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, Nàìjíríà sì fi ọkọ̀ òfurufú ogun àti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ Benin ló dìde sí ìjọba Benin, kò sí àjèjì tó gbógun wọ̀lú. Àwa tí a lọ kò bá wọn pín ìjà kankan tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀ wá ni. “Ìrànlọ́wọ́ ológun” ni mo máa pe ìyẹn, kò sì sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Bí a bá pè é ní àjọgbèjà, ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn á béèrè pé ta ló gbógun tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa mú ìtẹ̀dó Ṣágámù ní nǹkan bí ọdún 1872 wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwa ará Rẹ́mọ ti mọ àjọgbèjà tipẹ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò gbe ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìlú Rẹ́mọ tó para pọ̀ di Ṣágámù kúrò ní ibùdó wọn àtijọ́ wá sí ojú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màkún ṣì ní Ewùsì, ọba tirẹ̀, tí Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, sì wà ní Òfin. Ìparapọ̀ nìyẹn. Èkìtì Parapọ̀ ìgbà ogun Kírìjì ló sún mọ́ ohun tí a ń wí jù, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀; àmọ́ láti bá Ìbàdàn jà ni wọ́n ṣe kóra jọ, kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ yìí gan-an ni kò tíì ní orúkọ. Lọ́dún 2011, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà àti ti Benin bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣọ́ òkun nítorí àwọn ajalèlókun tó ń da ọkọ̀ epo láàmú. Kò sí ẹni tó ń gbèjà ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ó dà bí àwọn ọdẹ alẹ́ àdúgbò wa níbí: tiwa kì í kọjá gọ́tà ńlá, ti òdìkejì kì í kọjá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fọn fèrè, èkejì gbọ́dọ̀ fọn tirẹ̀ kí a lè mọ̀ pé kò sùn. “Àjọṣọ́” ni mo dábàá fún irú èyí: àjọṣọ́ òkun, àjọṣọ́ ibodè. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá àjọṣe àti àjọjẹ náà ni a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí náà kò ní ṣòro fún ọmọ iléèwé.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú lo “àjọṣe lórí ètò ààbò” fún gbogbo rẹ̀. Kò burú gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò fún ọ̀rọ̀ náà, mo sì fara mọ́ ọn nínú àkọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé “ètò ààbò” ni ìwé ìròyìn ń pe iṣẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ológun, òun náà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọlọ́pàá àti fijilanté, tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé kò fi ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi ránṣẹ́ ni tàbí ìpàdé lásán ni wọ́n ṣe.

Kí a tó fi àjọṣọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, mo bẹ àwọn tó ní ènìyàn ní Ìdírókò tàbí ní Kétu ti Benin pé kí wọ́n bá wa béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìgbà tí sójà ìhà méjèèjì bá jọ dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ Yorùbá ní ìhà méjèèjì. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, tiwọn ni kí a mú.