Ibi tí géèmù áákéèdì ń parí sí

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tí à ń ju owó ẹyọ sí lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ nípa òpin wọn jọ síbí. Kì í ṣe ìtàn bí ọwọ́ ẹni ṣe yá tó ni mo ń béèrè. Ohun tí ènìyàn máa bá níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ, àti ohun tó fà á. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹni tó kọ ọ́ kò fi òpin sí rárá, torí kò rò pé ẹnikẹ́ni á débẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ka nǹkan ló dá òpin sílẹ̀ fún wọn.

◆

Pac-Man ti ọdún 1980 ni kí a fi ṣáájú. Báìtì kan ṣoṣo (àyè kékeré tí ẹ̀rọ ń kọ nọ́ńbà sí) ló fi ń ka ìpele, báìtì kan kò sì lè gbà ju 255 lọ. Tí ẹ bá fi oókan kún 255, òdo ló ń padà sí, bí mítà ọkọ̀ ṣe ń ti 999 bọ́ sí 000. Ìpele àkọ́kọ́, òdo ni ẹ̀rọ ń pè é, nítorí náà ìpele 256 ló ń pè ní 255. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Apá tó ń ya èso sí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ máa ń fi oókan kún nọ́ńbà ìpele kó tó mọ iye èso tí yóò yà. 255 di òdo. Òdo kéré, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ ó máa ń ya èso kan ná, kó tó yọ oókan, kó tó wò ó bóyá ó ti tán. Ó yọ oókan kúrò nínú òdo, ó bá ara rẹ̀ ní 255, ó sì ń yà á lọ. Ìgbà 256 ló yà á, níbi tí kò yẹ kó ju méje lọ. Nígbà tí èso tán, ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e nínú ìrántí ẹ̀rọ ló ń gbé sójú. Bí ìlàjì ọ̀tún ṣe kún fún lẹ́tà, nọ́ńbà àti àwọ̀ tí kò nítumọ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí a kò lè kọjá rẹ̀? Hóró 244 ni Pac-Man gbọ́dọ̀ jẹ kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó parí: kéékèèké 240, ńlá 4. Lápá òsì, 114 péré ló wà. Nínú pàǹtí ọ̀tún, 9 ló wà, òmíràn nínú wọn kò tiẹ̀ hàn sójú. Tí Pac-Man bá kú, 9 yẹn á padà wá, ti òsì kò ní padà. Ká ní ẹ gbé ẹ̀mí 6 débẹ̀, ẹ̀mí 5 tí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yàn àti ọ̀kan tí máákì fi jíǹkí yín: 9 lọ́nà 6 jẹ́ 54, ẹ fi 114 kún un, ó di 168. Hóró 76 ló ṣì kù, kò sì sí ibi tí ẹ ti máa rí i. Ìdí nìyẹn tí máákì Pac-Man kò fi lè ju 3,333,360 lọ.

◆

Ẹ ṣé gan-an, ẹni tó kọ ti Pac-Man. Àbúrò rẹ̀ ni ti Donkey Kong (1981), tòun sì le jù lójú mi, torí pé ojú ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá. Gbogbo nǹkan dára, àgbá ń yí bọ̀, Jumpman, ẹni tí ẹ ń darí, ń gun àkàbà, ó kàn ṣubú, ó kú.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ ń fi 4 kún nọ́ńbà ìpele, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó sì ń so òdo méjì mọ́ ọn: ìyẹn ni àkókò tí ẹ ní. Ìpele 1 jẹ́ 50, ẹ rí 5000. Ìpele 2 jẹ́ 60, ẹ rí 6000. Tó bá ti kọjá 80, ẹ̀rọ á dá a dúró sí 8000, nítorí náà láti ìpele 4 lọ, 8000 ni títí. Ẹ wá dé ìpele 22. 26 lọ́nà 10 jẹ́ 260. Báìtì kò gba 260. Ó yọ 256 kúrò, ó ku 4. 4 kò kọjá 80, ẹ̀rọ kò rí ohun tó burú níbẹ̀. 400 ló fún yín. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà dé òkè láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá ń lé máákì gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú: gbogbo máákì tí ẹ bá fẹ́ kó, ẹ kó o kí ìpele 21 tó tán.

◆

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan tó jẹ mọ́ ọn. Nínú Space Invaders, kí ló ń mú kí àwọn àjèjì yẹn máa sáré tí wọ́n bá kù díẹ̀? Ṣé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni?

◆

Rárá o. Ọdún 1978 ni Tomohiro Nishikado ṣe é, ẹ̀rọ tó lò kò lágbára púpọ̀. Àjèjì kan ṣoṣo ló ń sún nínú ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá. 55 ni wọ́n, ọ̀wọ́ 5, 11 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn tó sún tán lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ó bá ku 10, ìdá 10 nínú 60 ni. Tó bá ku ọ̀kan, nínú gbogbo ìdá kọ̀ọ̀kan ló ń sún. Bí ẹ ṣe ń pa wọ́n lẹ ń dín ẹrù ẹ̀rọ kù, ó wá ń yára. Nishikado rí i pé ó dùn bẹ́ẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: máákì tí ọkọ̀ òfuurufú òkè ń fúnni kì í ṣe oríire. Ẹ máa ka ọta yín. Ọta kẹtàlélógún ni kí ẹ fi bá a lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gba 300. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọta kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó lọ sófo náà wà nínú kíkà o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

◆

Ti Galaga (1981) náà ń bẹ. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ pa gbogbo ọ̀tá, ẹ dá oyin méjì (àwọn ọ̀tá tó dà bí oyin) tó wà ní òpin apá òsì sí. Ẹ má yìnbọn mọ́, kí ẹ kàn máa yẹra. Bíi ìṣẹ́jú 15, wọn kò ní yìnbọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan sí i láìyìnbọn kó lè dá yín lójú, kí ẹ tó pa wọ́n. Látìgbà náà lọ, kò sí ọ̀tá kankan tí yóò yìnbọn nínú géèmù yẹn. Àyè 8 ni ẹ̀rọ ní fún ọta àwọn ọ̀tá. Tí oyin bá yìnbọn níbi tó kángun sí ẹ̀bá òsì pátápátá, ọta náà gba àyè, àmọ́ ẹ̀rọ kà á sí ohun tí kò sí, kì í sún, kì í kúrò. Nígbà tí àyè mẹ́jọ̀ọ̀jọ bá kún, ó tán. Ẹni tó bá kánjú pa oyin náà nígbà tí àyè kan ṣì ṣófo, ọta ẹyọ kan á máa wá bá a títí.

◆

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ní òpin tòótọ́, àmọ́ tí wọ́n fi tì í mọ́lẹ̀kùn. Ghosts 'n Goblins (1985): ẹ bá a dé òpin, wọ́n á ní ẹ̀tàn Sátánì ni, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀rọ áákéèdì, ohun ìjà kan pàtó wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání dé ẹnu ọ̀nà tó kẹ́yìn. Tí kò bá sí lọ́wọ́ yín, wọ́n á dá yín padà sí ìpele 5. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá fẹsẹ̀ kan ohun ìjà mìíràn nílẹ̀, ó ti rọ́pò tọwọ́ yín nìyẹn, bọ́tìnì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Tí ohun ìjà pàtó yẹn bá ti wà lọ́wọ́, ẹ máa fò kọjá lórí ohun gbogbo.

Bubble Bobble (1986), ìpele 100. Ẹni tó bá dá nìkan parí rẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé èyí kọ́ ni òpin, kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ẹnì kejì lè ju owó síi lẹ́yìn tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Ní ìpele 100, ẹ kọ́kọ́ mú ìgò tó wà níbẹ̀, kí ìhó ọṣẹ tí ẹ ń fẹ́ jáde lè di ti mọ̀nàmọ́ná. Èyí tí kò ní mọ̀nàmọ́ná kò ṣe nǹkankan fún ọ̀gá wọn. Mo fẹ́ràn òpin yìí ju gbogbo tó kù lọ, torí pé ènìyàn méjì ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

◆

Missile Command (1980) ni tèmi. Ìlú 6 ni ẹ ń dáàbò bò lọ́wọ́ mísáìlì ọ̀tá, pẹ̀lú ibùdó 3, mísáìlì 10 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ti àárín ló yára jù, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mísáìlì ọ̀tá tó bá ti sún mọ́lẹ̀. Láàárín ìgbì kan, wọn kì í pa ju ìlú 3 lọ. Nígbà tí ìlú tó kẹ́yìn bá lọ, ẹ̀rọ yìí kì í kọ GAME OVER bíi tàwọn yòókù. Ìbúgbàù ńlá kan ń gbilẹ̀ láti àárín, ó sì kọ THE END sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣẹ́gun.

◆

Òpin kan wà tí ẹ kò tíì kọ, òun náà ni ti pátákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn pátákó CPS-2 ti Capcom (láti ọdún 1993) fi bátìrì kan tọ́jú kọ́kọ́rọ́ (nọ́ńbà àṣírí) tó ń tú géèmù náà. Bátìrì kú, kọ́kọ́rọ́ parẹ́. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, àwọ̀ kan ṣoṣo ló máa kún ojú rẹ̀, kò sí ohùn, kò sí àwòrán. Bátìrì lithium 3.6 V ni, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlàjì AA, irú tí a kì í sáàjì. Ẹ fi mítà wọn ọ́n kó tó pẹ́ jù, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó wà níbẹ̀, ẹ ti gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ayọ́nù ìjó-òjé ti gbóná. Ẹ wo àmì + àti − lẹ́ẹ̀mejì, torí iná tí ó bá já pẹ́ lórí pátákó yẹn, kọ́kọ́rọ́ ti lọ nìyẹn.