Ìdí tí ixora ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì fi ń pọ́n: àbọ̀ ìbéèrè mi

Mo béèrè ìdí tí ewé ixora, igi òdòdó kékeré tí a ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, fi ń pọ́n bí ìyeyè. Mo fẹ́ pa ìbéèrè yìí dé, torí ìdáhùn ti jáde. Sìmẹ́ńtì ni. Òjò ń fọ ẹfun rẹ̀ láti ara ògiri wọ ilẹ̀, ilẹ̀ náà kò sì ní jẹ́ kí gbòǹgbò ixora rí irin fà mu. Ẹ wo ewé dáadáa: tó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tútù, àìtó irin nìyẹn. Tó bá jẹ́ ewé àgbà ló kọ́kọ́ pọ́n, náítírójìn ni kò tó. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa yóò tún un ṣe.

Fún àìtó irin, ajílẹ̀ irin tí wọ́n kọ EDDHA (èròjà tó ń di irin mú kí gbòǹgbò lè rí i fà mu) sí lára ni kí ẹ rà. EDTA, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ilẹ̀ ẹlẹ́fun, owó yín á ṣòfò. Ewé tó ń hù lọ́tun ni kí ẹ fi mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò nínú kòtò, ẹ fi 60 cm jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì fi 60 cm sáàárín igi kan sí èkejì. Tí ẹ bá ń gé e, kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oòrùn ò ní dé ìdí rẹ̀, ìsàlẹ̀ á pá.