Ìbánigbófò àbí ìbánigbẹ́bi: kí ni ínṣọ́ránsì ọkọ̀ ń bá wa gbé?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin fún ínṣọ́ránsì ọkọ̀: "àbò ẹnìkẹta" fún third party (èyí tó ń san ohun tí ọkọ̀ wa bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn), "àbò kíkún" fún comprehensive (èyí tó ń wo ọkọ̀ tiwa náà), "owó àjọ ọkọ̀" fún owó tí à ń san lọ́dọọdún, àti "owó gbà-máà-bínú" fún èyí tí ilé-iṣẹ́ ń san nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo bá ṣẹjọ́, torí ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá gbọ́ ní gáréèjì Kútọ̀ ni yóò fi mọ ohun tó máa retí.

Ẹnìkẹta ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ẹnìkíní, ta ni ẹnìkejì? Nínú ìwé àdéhùn, ọlọ́kọ̀ ni ẹnìkíní, ilé-iṣẹ́ ni ẹnìkejì, ẹni tí ọkọ̀ náà kọlù ni ẹnìkẹta. Ẹni tí kò ka ìwé yẹn rí á rò pé ẹni kẹta tó jókòó sínú mọ́tò là ń wí.

Ká ní Camry kan kọ lu ìdí Micra tó ń já èrò ní Pánṣẹ́kẹ́. Bọ́ńpà ẹ̀yìn Micra wọnú, iná ẹ̀yìn fọ́, ilẹ̀kùn búùtù kò pa dé mọ́. Camry náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́: iná iwájú ti lọ, rédíétọ̀ ń jò. Third party ni Camry ní. Ilé-iṣẹ́ á tún Micra ṣe, ṣùgbọ́n àpò ọlọ́kọ̀ ni owó rédíétọ̀ Camry yóò ti jáde. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń sọ: "Ṣebí mo ní ínṣọ́ránsì!" O ní in lóòótọ́, gbèsè tí o jẹ oní-Micra ló bá ọ gbé. Òfò tìrẹ kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé "ìbánigbófò" dára fún iṣẹ́ náà lápapọ̀ (ó sàn ju "adójútòfò" lọ, torí ojú kì í ti òfò, ńṣe là ń pín in gbé), àmọ́ "ìbánigbẹ́bi" ni kí third party máa jẹ́. Bá, ni, gbé, ẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i dáadáa, kí ẹnì kan má lọ pe aṣojú ilé-iṣẹ́ ní agbẹ̀bí. Ẹ̀bi owó nìkan náà ni o: bí kóòtù bá ní kí awakọ̀ san owó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, òun nìkan ló ni ìyẹn.

Ẹrù yìí sì ní ìwọ̀n. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Àjọ NAICOM (àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì) ti gbé owó third party ti ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000, tí wọ́n sì fi gbèdéke ₦3,000,000 sí ohun ìní tó bá bàjẹ́. Bí Camry yẹn bá lọ gbá jíìpù olówó ńlá, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, mílíọ̀nù méjì tó kù dọwọ́ ọlọ́kọ̀.

"Àbò kíkún" ńkọ́? Kò kún. Kò sí nínú rẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà tó jẹ tàbí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì ló wakọ̀, tàbí tí wọ́n fi ọkọ̀ tí ìwé pè ní àdáni ṣe kábúkábú, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. "Ìbánigbófò tèmi-tìrẹ" ni mo fẹ́, torí ọkọ̀ tèmi àti tìrẹ ló ń wò. Owó rẹ̀ lọ́dún kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ₦4,000,000 á san ₦200,000 ó kéré tán.

"Owó àjọ" ló burú jù. Alájọ ń dá owó oníkálukú padà lópin oṣù, ó kàn ń yọ tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ "àjọ" á lọ bá wọn ní December pé "n kò ní jàǹbá kankan, ẹ kó owó mi wá." Owó yẹn ti lọ, òfò àwọn ẹlòmíràn ló bá lọ. Èkejì, èèyàn lè jẹ alájọ ní ọjọ́ méjì, kó wá san án pa pọ̀. Níbí, owó tí kò tíì wọlé, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ìbánigbófò ti 2003 ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní abala 50, kí òfin tuntun ti 2025 tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní "owó ìgbófò". Ẹni tó bá sì gbé e fún àwọn tó ń bá ni sáré pátíkúlà, kó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ínṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, kó tó fi ìwé náà sínú mọ́tò. Bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá jáde níbẹ̀, kó tètè bi ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé léèrè, torí ayédèrú pọ̀.

Ó wá ku gbà-máà-bínú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni, ẹni tó bá wù ló ń fún ni. Èyí, ẹ̀tọ́ ni, ẹ̀rí la fi ń gbà á. Ó tún léwu: "ẹ má bínú, màá tún un ṣe" gan-an ni ìwé àdéhùn kọ̀ kí awakọ̀ sọ tàbí kó buwọ́ lù láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí i. Kó ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kó gba orúkọ, fóònù àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ẹnì kejì, kó gba ìwé ọlọ́pàá bí èèyàn bá fara pa tàbí tí wọ́n jí ọkọ̀, kó sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kíá. Kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà kọ iye àtúnṣe sílẹ̀, àmọ́ kó má fi òòlù kàn án kí aṣàyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ tó dé. Bọ́ńpà tí wọ́n ti tẹ́ padà, ta ló fẹ́ gbà pé ó wọnú rí? "Ìbéèrè ẹ̀tọ́ òfò" ni mo dábàá. Ó gùn, mo mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ọ̀kan: iye tí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé nínú tèmi-tìrẹ. Bí ìwé bá ní ₦20,000, tí àtúnṣe sì jẹ́ ₦200,000, ₦180,000 ni ilé-iṣẹ́ á san. "Owó àfaradà" ni mo ń pè é ní tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó rọrùn lẹ́nu jù ú lọ, kó mú un wá.