X-ray ní eegun Bàbá mi kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n apá wọn kò gòkè. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àkọ́bí Bàbá, Bódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, ọjà pákó Bódìjà ni wọ́n ti ń tajà. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ pákó kalẹ̀ láti orí lọ́rì, ni ọ̀kan bá yọ̀, ó sì fa apá ọ̀tún wọn lójijì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí nǹkan dún "pàá" nínú èjìká. Ilé ìwòsàn kan ládùúgbò ya X-ray, wọ́n ní eegun kankan ò ṣẹ́, èjìká ò sì yẹ̀. Wọ́n fún wọn lóògùn ìrora, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ó ti ń wọ oṣù kejì báyìí. Ìka ń ṣiṣẹ́, ìgúnpá ń ká, wọ́n ń fi ọwọ́ náà jẹ àmàlà tí wọ́n bá ti gbé ìgúnpá lé tábìlì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ dé fìlà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé ti ọ̀tún lọ sórí. Òru ni ìrora rẹ̀ ń le jù, wọn ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn rárá. Ẹ̀gbọ́n wọn ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ atòeegun, kí wọ́n fà á kó bọ́ sípò. Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ abẹ létí. Èmi ni wọ́n ń wò. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ̀
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo Bàbá sàn. Èjìká da ìyá tó bí mi náà láàmú. Wọn ò ṣubú, nǹkan kan ò fà wọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni apá ń le títí wọn ò fi lè de gèlè mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ní, dókítà sì ní ó máa ń bá àwọn onítọ̀ ṣúgà jà lọ́nà yẹn ju ẹlòmíì lọ. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ kan sínú èjìká, wọ́n ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú eré ìmárale. Ó lé lọ́dún kan kó tó tú sílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n a ò fi abẹ kàn wọ́n. Ẹ yẹ ṣúgà Bàbá wò. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an máa ń gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan.

Físíò, Mókọ́lá
Ẹ ṣeun, Mà. Àìsàn ti Màmá yín yàtọ̀ sí ohun tó jọ pé ó ń ṣe Bàbá yìí, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Àkọ́bí, ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó, kí wọ́n sinmi apá. Ẹ fi ọwọ́ yín gbá ìgúnpá wọn mú lábẹ́, kí ẹ rọra máa gbé e sókè. Tí ìrora bá pọ̀, ẹ dúró. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà ò lè gbé e, èjìká ló gan, bíi ti Màmá. Tó bá ń gòkè lọ́wọ́ yín, àmọ́ tí wọn ò lè dá gbé e, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Iṣan mẹ́rin ló yí orí eegun apá ká, tó dì í mú sínú ihò èjìká, àwọn ló ń bá wa gbé apá, tó sì ń yí i. X-ray kì í fi iṣan hàn, eegun ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ pé "kò sí nǹkan kan" fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti já pátápátá. Scan tí wọ́n fi ń wo oyún máa ń rí iṣan náà dáadáa tí ẹni tó ń lò ó bá mọ iṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara.

Bọ̀dá Káà, Òkè-Àdó
Ẹ má fi ẹnu kó àwọn atòeegun wa dànù o. Ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, àwọn ni wọ́n tò ó, òun ni mo fi ń rìn yìí.

Físíò, Mókọ́lá
Bọ̀dá, mi ò bú wọn, mo sì bá yín dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ yín jinná. Eegun tó ṣẹ́ máa ń so padà tí a bá dè é dáadáa. Iṣan tó já kúrò lára eegun ti sún sẹ́yìn ni, bí wọ́n bá fa apá láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè bọ́ síbi tó ti já. Èyí tó ṣẹ́kù gan-an lè ya sí i. Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá Bàbá.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Mo fara mọ́ ohun tí físíò sọ. Kì í ṣe gbogbo iṣan tó ya ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni iṣan èjìká wọn ti gbó tó ti ya láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, eré ìmárale sì máa ń tó fún púpọ̀ nínú àwọn tó ń dùn. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ Bàbá ni pé ó ṣẹlẹ̀ lójijì, agbára sì lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìyẹn kì í dúró deni. Bó bá ti ń pẹ́, ẹran iṣan náà á máa joro, ọ̀rá á máa rọ́pò rẹ̀, tó bá wá yá, dókítà ò ní rí i fà padà débi eegun mọ́.

Ní ti iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n lè gba ihò kéékèèké wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n sì lè la ojú kan lórí èjìká. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe, wọ́n á kan ìṣó kékeré tí okùn wà lára rẹ̀ mọ́ eegun, wọ́n á fi okùn náà so iṣan padà. Bàbá á fi apá kọ́ ọrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Físíò á tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ má retí kí wọ́n gbé pákó kí oṣù 6 tó pé. Tí ojú ibi tó ya bá tóbi jù, ó lè tún já, ẹ bi dókítà ní tààrà. Kí ẹ sì bèèrè owó ìṣó yẹn lọ́tọ̀, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá.

Ẹ gba lẹ́tà lọ sí kílíníìkì dókítà eegun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà n'Íbàdàn.

Àkọ́bí Bàbá, Bódìjà
Mo ti ṣe bí físíò ṣe wí. Mo gbé apá náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, Bàbá ò pariwo. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dì í mú síbẹ̀ fúnra wọn, ó ń já bọ́ ni, mo yára gbá a mú. Ẹ̀gbọ́n wọn wà níbẹ̀, òun náà rí i, ó ní ká máa múra UCH. Ìyá mi ń bèèrè pé ṣé ojú wọn á là tí wọ́n bá ń gé e?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Rárá, ẹ fi Màmá lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fún wọn lóògùn oorun. Wọ́n tún lè gún abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kí apá kú, kí ìrora má bàa pọ̀ tí wọ́n bá jí. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Tí Bàbá bá ń mu sìgá, kí wọ́n ti jáwọ́ báyìí, kì í jẹ́ kí iṣan jinná bọ̀rọ̀.

Fíìmù X-ray fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kó lọ, ìwé èsì nìkan ò tó. Kí Bàbá wọ bùbá ọlọ́wọ́ gbòòrò, apá tó ń dùn wọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Kí ẹ sì tètè débẹ̀ láàárọ̀, èrò máa ń pọ̀.