Ta ló fi ohùn ìsàlẹ̀ sí "asopọ̀"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti London ní ká máa pe òrùka tí wọ́n ń há sáàárín lẹ́ǹsì àtijọ́ àti kámẹ́rà tuntun ní "àsopọ̀", ká sì máa pe iṣẹ́ náà ní "ìṣàsopọ̀". Mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí wọn o, ṣùgbọ́n èyí kò lọ lọ́fun mi.

À- olóhùn ìsàlẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àkójọ ni ohun tí wọ́n kó jọ, àfikún ni ohun tí wọ́n fi kún òmíràn, àṣàyàn ni èyí tí wọ́n ṣà yàn. A- olóhùn àárín ni òṣìṣẹ́: akọ̀wé, apẹja, arọ́pò-orúkọ. "Ọ̀rọ̀ asopọ̀" gan-an tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé, ohùn wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Bí òrùka bá so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà, òrùka ni asopọ̀. Lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà tó ti di ọ̀kan ló lè jẹ́ àsopọ̀. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Gíréèdì Tuu ì bá ti sọ ṣọ́ọ̀kì lù mí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé "àfòmọ́" pamọ́ dè mí, pé ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń fò mọ́ igi. Àfòmọ́ ti wà lórí igi kí ẹnikẹ́ni tó kọ gírámà. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó rọ̀ mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n fi orúkọ kan pè. Ẹ mú lẹ́ǹsì onísukúrúù M42, bíi Helios 44-2 ti ilẹ̀ Soviet. Láti ìdí rẹ̀ dé ojú fíìmù, tàbí ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà tuntun, gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 45.46. Láti ẹnu kámẹ́rà Sony E dé ojú yẹn kò ju 18 lọ, àyè tó ṣẹ́ kù sì lé ní 27, asopọ̀ á jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kódà Canon EF tó jẹ́ 44 ṣì fàyè gba òrùka fẹ́lẹ́.

Ó yá, ẹ gbé lẹ́ǹsì Leica R wá sórí Nikon F. 47 ni ti Leica, 46.5 ni ti Nikon. Ààbọ̀ mìlímítà! Òrùka wo lẹ fẹ́ há síbẹ̀? Ńṣe lẹ máa tú sukúrúù ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí ẹ yọ irin tó bá a wáyé, kí ẹ wá de irin mìíràn tó bá ẹnu Nikon mu mọ́ ọn. Irin tuntun náà kò sì gbọdọ̀ fi bín-ín-tín nípọn jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì kò ní rí òkèèrè kedere mọ́. Kí ló so kí ni pọ̀ níbẹ̀? Ìpààrọ̀ ìdí ni.

Àǹtí wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní "ìdí" kò ṣeé sọ níwájú ọmọdé, ká kúkú lo "ọrùn". Ọrùn kẹ̀? Ìdí igi ńkọ́? Ìdí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọni lọ́lẹ: ta ló ti bojú nítorí òwe yẹn rí? Bàbá ayafọ́tò tí mo máa ń lọ jókòó tì ní Òṣogbo, "nu ìdí ẹ̀ dáadáa kó o tó fi í sí i" ló máa ń wí, níwájú ìyá ọkọ àti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọn kò ka gírámà kankan, èdè wọn sì mọ́ ju tiwa lọ.

Ní ti orúkọ méjèèjì, lẹ́ǹsì àti awò, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa àti àwọn ará Kútọnu tó ń kọ̀wé síbí ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, n kò dá sí i. Lẹ́ǹsì ni mo ń pè é. Ẹni tó bá wù kó máa pè é ní awò, kó ṣáà ti fi àmì sí i, nítorí ẹni tó kọ "ìpààrọ̀ awo" lánàá, ilé Ògbóni ni kó lọ ro ẹjọ́ rẹ̀.